Fúnra-mi àti Igi Máńgò Ẹ̀yìn Ilé Wa

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ ní káfíńtà lẹ ń wá, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Fúnra-mi lẹ ń wá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn á nawọ́ sí ilé wa. Ọkọ mi ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá a gbé, n kò sì tíì rí ọjọ́ kan tí nǹkan bàjẹ́ nínú ilé wa tí ó ní ká lọ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Ohun tó máa ń sọ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "Ẹ fi sílẹ̀, màá ṣe é fúnra mi."

Nígbà tí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná bàjẹ́, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi rí omi bù nílé ìdáná. Lọ́jọ́ kẹrin omi dé, àmọ́ pálọ̀ ló gbà yọ. Ó gé irun àkọ́bí wa ọkùnrin fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò nílé ẹ̀kọ́. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri wa títí di òní. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ọmọ tèmi nìkan ló ń wo ilẹ̀. Eyín tó ń dun òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó so okùn mọ́ ọn, ó so okùn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní kí oníbàárà kan wọlé. Eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló já.

Ẹ má rò pé owó ló ń dùn ún o. Ọkùnrin tó ń fi àga tuntun ta aládùúgbò lọ́rẹ nítorí pé ẹ̀yìn ń dun onítọ̀hún kì í ṣe ahun. Bàbá rẹ̀ ló tètè kú. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó de ẹlòmíràn, ebi ni yóò pa á, ẹ̀kọ́ tí ebi bá sì kọ́ ènìyàn kì í tètè kúrò lára.

Ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló fi kọ́ ilé tí à ń gbé: yàrá mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gba iwájú wọn kọjá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú títì, ilé ìdáná mi lẹ́yìn. Fèrèsé ilé ìdáná náà kò ga rárá. Àwọn àlejò máa ń rò pé ó ṣì í wọ̀n ni. Kò ṣì í wọ̀n. Èmi ni mo kúrú, ó sì fẹ́ kí n máa rí ìta bí mo bá ń fọ abọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń bú u nínú ìtàn yìí, kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni èmi ń ṣe, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́. Ibùsùn mẹ́rìnlélógún la ní. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ènìyàn bá ń fi ojú burúkú wo igi tó wà lẹ́bàá ilé wọn, mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de àwọn agégi ọjọ́ kan. Wọn kì í pẹ́ dé. Olùkọ́ ìṣirò kan wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan, tó ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún méjìlélógún. Ó gbé àkàbà ti ẹ̀ka igi, ó gun àkàbà, ó sì gé ẹ̀ka tí àkàbà náà fara tì gan-an. Itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i, tí á máa rẹ́rìn-ín, tí á máa di ìhà mú.

Ṣùgbọ́n a gba bàbá kan lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀ka tí kò tó apá mi ló gbá a lẹ́yìn ọrùn níbi tó ti ń gé igi ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó, nítorí kò lè dá dìde mọ́. Ti ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run sí nípa ọkọ mi: kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà tì í wọ wọ́ọ̀dù mi.

Igi máńgò ẹ̀yìn ilé wa ti wà níbẹ̀ kí a tó ra ilẹ̀. Ènìyàn méjì kò lè dì mọ́ ọn kí ọwọ́ wọn kan ara wọn. Nígbà kan rí, ó máa ń so débi pé garawa la fi ń pín in káàkiri àdúgbò. Àmọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó ti dáwọ́ èso dúró, ewé orí rẹ̀ ń rẹ̀ dànù, olú funfun ń hù yí ìdí rẹ̀ ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà yàrá ìkẹyìn. Yàrá ìkẹyìn yìí gan-an ni ọmọ wa obìnrin ń gbé nígbà náà. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ó sì wá dúró de ìbímọ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ inú rẹ̀ ọjọ́ náà ti ń rá kòrò báyìí, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀.

Èmi ni mo lọ pe agégi. Obìnrin ni, kò tíì tó ogójì ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti ọkọ mi. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló gbà ṣe. Mo rò pé á kọ́kọ́ gbójú sókè wo igi náà bí gbogbo wa ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kò wòkè rárá. Ìdí igi ló lọ bẹ̀rẹ̀ sí. Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ gbòǹgbò rẹ̀, irin náà sì wọlé bí ẹni pé inú búrẹ́dì ló ń lọ. Ó mú òòlù onígi, ó ń fi kan ara igi náà yí ká, ó ń fetí sí i. Ó wá sọ fún mi pé inú rẹ̀ ti di ihò, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ayùn kan ìdí rẹ̀, pé láti òkè ni àwọn máa ti gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òun máa ráyè.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ mi fi jáde láti ṣọ́ọ̀bù, pẹ́ńsùlù létí. Ó kí obìnrin náà dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣe ìyọnu. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń bá igi ṣiṣẹ́, pé ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Agégi ní sùúrù títí ó fi parí ọ̀rọ̀.

"Bàbá, igi tó ti dùbúlẹ̀ lẹ mọ̀," ó ní. "Èyí ṣì wà lórí ìdúró."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo igi tó dùbúlẹ̀ ló dúró rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, n kò ní parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń dùn bó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò mọ̀. Agégi kò bá a jiyàn. Ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ka àwọn tó wà lórí ibùsùn wa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, itan tó ṣẹ́, ìhà tó là, orúnkún tó fọ́, títí ọmọ wa fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun jẹun. Ọkọ mi ń jẹ tirẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé "mo ti gbọ́" rẹ̀ kì í ṣe "mo gbà." Èmi náà mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí ni mo fi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí iṣẹ́ àárọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu aránṣọ tó múlé gbè wá ni mo ti gbọ́ ọ, ọkùnrin tó jẹ́ pé fèrèsé rẹ̀ kì í padé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní bí mo ṣe yà ní kọ̀rọ̀ báyìí ni ọkọ mi gbé àpótí irinṣẹ́ jáde. Ó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ wa pé kó kó lọ sí yàrá iwájú fún ìgbà díẹ̀, ọmọ náà sì gbọ́ràn, ó lọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí n kò rò pé ẹ̀dá kankan ti fi igi tó dúró ṣe rí. Ó fi tépù wọn ìdí rẹ̀. Ó so okùn olójé kọ́ ọ lára láti mọ bó ṣe tẹ̀ tó. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, irú èyí tó máa ń fà sára ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ṣírò ibi tí orí igi náà máa dé bó bá wó, ó kan èèkàn kékeré kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, láàárín ògiri ọgbà àti táǹkì omi, ó sì sọ fún aránṣọ pé ẹsẹ̀ bàtà méjì gbáko ló máa ṣẹ́kù. Ó wá mú ayùn ọlọ́wọ́ rẹ̀ tó tóbi jù, nítorí kò fẹ́ràn ẹ̀rọ aláriwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi náà lórí ìlà.

Àṣìṣe tí káfíńtà nìkan lè ṣe nìyẹn. Pákó orí tábìlì kò ru ẹrù kankan. Bí o bá ti gé e tó gún, ó parí. Igi tó dúró ru gbogbo ara rẹ̀ sórí ibi tí ò ń gé. Ṣe ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu ẹnu fún un ní ìhà tí wọ́n fẹ́ kó wó sí, kí wọ́n tó ti ẹ̀yìn gé e bọ̀, wọn á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín láìgé, kí díẹ̀ náà lè máa darí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni agégi ṣàlàyé èyí fún wa. Ọkọ mi kàn ń gé lọ gbọọrọ ni, aránṣọ tilẹ̀ ní ó ń súfèé, títí ayùn fi wọlé kọjá ìdajì. Igi náà wá dún. Kì í ṣe ohùn ńlá. Ó dún bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ jókòó, ó sì jókòó sórí ayùn náà lóòótọ́. Ọkọ mi fà á, kò jáde. Ó tì í, kò lọ. Nígbà tó gbójú sókè, orí igi ti kúrò ní ọ̀nà èèkàn, ó ti kọjú sí òrùlé yàrá ìkẹyìn.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo dé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, mo sì rí ọkọ mi tó fẹ̀yìn ti igi máńgò, tó ta ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, tí lẹ́búlẹ́bú igi bo orí àti irùngbọ̀n rẹ̀, tí òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

"Mò ń dì í mú ni."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ẹ́ pa mí. Igi tí ènìyàn méjì kò lè dì mọ́, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní òun ń dì í mú. Aránṣọ yọrí lójú fèrèsé, ó ní ó ti tó wákàtí kan tó ti wà bẹ́ẹ̀, pé ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀, ó máa wó. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ wa.

"Màmá, ṣé ẹ ti dé ni?"

Láti yàrá ìkẹyìn ni ohùn náà ti wá.

Yàrá iwájú ti mú ooru jù fún un. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ibùsùn kan ṣoṣo tó sì bá a lára mu ni èyí tó wà ní yàrá ìkẹyìn, ló bá rọra padà lọ dùbúlẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ariwo ayùn kò jí i. Ilé káfíńtà la bí i sí. Ohùn ayùn ló fi ń sùn láti kékeré, bí àwọn ọmọ mìíràn ti ń fi orin sùn.

Mo wo ojú ọkọ mi. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀ pàápàá. Ó yanu lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Ìyá wọn," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi pe obìnrin yẹn."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ tó sì dé, n kò ráyè yọ̀. Mo wọlé lọ bá ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì kì í sáré. Bí nọ́ọ̀sì bá sáré, ẹ̀rù á ba gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo rọra wọ yàrá náà, mo ní kó dìde ká jọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ní òun kò rí bàtà òun kan. Mo ní kó máa bọ̀. Ó ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù pẹ̀lú oyún. Mo bọ́ bàtà tèmi fún un. Ẹ̀ka igi ń ha páànù lókè orí wa, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a máa sè lálẹ́. Ìgbà tí mo mú un dé inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo fi í jókòó ni mo tó rí èémí mí.

Ó wá ku ọkọ mi. Kò fẹ́ kúrò nídìí igi. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, yàrá náà á di ilẹ̀. Mo dúró síbi tí igi kò lè dé, mo bá a sọ̀rọ̀ bí mo ti ń bá àwọn aláìsàn mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá mọ́. A lè tún yàrá kọ́. Èmi ni mi ò lágbára àtibẹ̀rẹ̀ ọkọ mìíràn láti ìpìlẹ̀. Ẹ máa bọ̀."

Ó fi ẹ̀yìn kúrò lára igi náà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ́ ọmọ tó sùn sílẹ̀, ó sì wá sọ́dọ̀ mi. Igi náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lọ.

Nígbà tí mo pe agégi lórí fóònù, kò bú wa, kò ní "mo sọ fún yín." Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé ènìyàn wà nínú yàrá, ṣé ayùn ṣì wà lẹ́nu igi, ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ayùn náà, ká sì jìnnà síbẹ̀. Kò tó wákàtí kan tó fi dé, òun àti ọkùnrin méjì, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní apá irin gígùn àti agbọ̀n ńlá lórí apá náà, irú èyí tí àwọn tó ń tún wáyà iná ṣe máa ń gùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé àṣíborí. Ó rìn yí igi náà ká láti òkèèrè, ó ní ká pa iná ilé, ó fa okùn yí àyíká ká kí èrò má baà wọlé. Wọ́n fi ọ̀já líle mẹ́ta di ara igi náà kó má baà là sí méjì, wọ́n sì fi okùn irin so ó mọ́ ọkọ̀ wọn ní òdìkejì yàrá. Ìgbà náà ló tó wọ inú agbọ̀n, ọkọ̀ gbé e lọ sókè ju òrùlé lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ̀ka kan kò já lulẹ̀. Á kọ́kọ́ so okùn mọ́ ọn, á bù ú nísàlẹ̀ díẹ̀, kó tó gé e láti òkè, ẹ̀ka náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn jẹ́ẹ́jẹ́ títí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á fi gbà á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo fi ojú rí i.

Àdúgbò tú jáde. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú gbogbo èrò. Ó kọ́kọ́ ń kùn lábẹ́nú pé òun ì bá ti gé ẹ̀ka kẹta kí òun tó dórí èkejì. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Nígbà tó tún yá, mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tó dúró tì í, pé kí wọ́n wo bó ṣe ń bù ú nísàlẹ̀ kí èèpo má baà fà ya, pé ọmọ yẹn mọṣẹ́. Ẹni tí kò mọ bó ṣe jẹ́ á rò pé òun ló kọ́ obìnrin náà níṣẹ́. Bí ẹ̀ka ńlá tó wà lórí yàrá náà ti balẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé aránṣọ, ó di ikùn rẹ̀ mú. Páànù kan ṣoṣo kò tẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jó níbi tí mo dúró sí, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, láìwọ bàtà.

Ìdí ló ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n gbé ìtì òkè kúrò lórí ojú ibi tí ọkọ mi ti gé e, agégi pè é wá wò ó. Àárín igi náà ti di ihò tó lè gba garawa. Èyí tó ṣì le lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ayùn kò dé kò nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Orí ìka mẹ́ta yẹn ni gbogbo igi náà dúró sí, ní gbogbo ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń dì í mú. Ọkọ mi ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ihò náà títí dé ìgúnpá, kò kan ìsàlẹ̀. Agégi wo ìlà pẹ́ńsùlù tó yí igi ká, ó ní òun kò ní parọ́, láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ìlà tó gún tó báyìí lára igi tó fẹ́ pa ènìyàn. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ọkọ mi ló sì rín in jù. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà níwájú gbogbo èrò, ó ní ohun tí agégi mọ̀ nípa igi, òun kò mọ̀ ọ́n.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tí èrò sì túká, mo gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀, n kò gbọ́ ohùn omi. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó dúró láàárín balùwẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù òkè, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan ṣoṣo yọ síńgílẹ́ẹ̀tì gba orí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gòkè dé èjìká. Ó rí mi, ó sì dáwọ́ dúró.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní oṣù mẹ́ta. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀ kékeré, pé òun ti ń fi òróró pa á fúnra òun, pé òun tilẹ̀ fi pákó méjì há a lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù bóyá á nà.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ọkùnrin tó kan ìdajì òrùlé àdúgbò yìí mọ bí a ṣe ń gun òkè. Kò gun igi náà nítorí pé kò lè gùn ún. Ìdí rẹ̀ ló lọ bá nítorí pé ìdí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Èmi tí mo ti ń tọ́jú egungun ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, odidi oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi ń wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì, tí a kì í gba orí wọ̀, jáde níwájú mi, n kò bi í pé kí ló dé. Mo bínú sí i, mo bínú sí ara mi jù. Mo sunkún. Mo tún rẹ́rìn-ín, nítorí lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé síńgílẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára rẹ̀, mo sì wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó jẹ́ kí n wẹ òun.

N kò sọ fún un pé kó wá sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lọ́sẹ̀ yẹn ti tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mò ń pín oògùn fún àwọn aláìsàn nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n wá wo àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ló dúró síbẹ̀, nínú ẹ̀wù funfun tó fi ń lọ ya fọ́tò, bàtà rẹ̀ ń dán. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ wọ́ọ̀dù mi. Ó kí gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ọkùnrin kan tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣàwàdà. Tábìlì oògùn wa ń mì. Mo rí i tó wo ẹsẹ̀ tábìlì náà, mo rí i pé ọwọ́ ń yún un, ṣùgbọ́n ó kọjá lọ. Orí ìjókòó àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú ló lọ jókòó sí, lẹ́yìn obìnrin kan tó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, ó sì dúró títí ó fi kàn án.

Èjìká náà kò ṣẹ́, gígan ló gan, a sì ti ń tú u láti ìgbà náà. Ó ti ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sókè báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe "yéè" díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, a kò tíì mọ̀. Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo mú bírò, mo bi í bí mo ti ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ló gbé e wá.

Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó sì gbé e lé èjìká rẹ̀ òsì.

"Ibí ló ti ń dùn mí," ó ní. "Bá mi wò ó."